Lofoten ní Nọ́wè, níbi tí wọ́n ti ń sá pánla: ọjọ́ márùn-ún ní Svolvær àti Henningsvær

Àdùnní Leeds
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Èmi, ọkọ mi, ọmọ wa ọdún 9 àti Màmá (ẹni ọdún 68) fẹ́ lo ọjọ́ márùn-ún ní Svolvær, ìlú kan ní erékùṣù Lofoten, ní ìparí oṣù Kẹta. Màmá fẹ́ fojú ara wọn rí ibi tí wọ́n ti ń sá pánla. Ọkọ mi fẹ́ gun òkè. Ọmọ fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ àríwá tó ń jó lójú ọ̀run. Ṣé ìgbà yẹn dáa? Ọ̀nà wo la máa gbà débẹ̀? Ṣé a ó háyà mọ́tò? Kí la máa jẹ? Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni Màmá ń lò, ti UK ni tiwa.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú ìmúra, Àǹtí Àdùnní. Ti Màmá ni ìgbà tí ẹ mú yẹn bá mu jù. Ẹja kọ́ọ̀dù ńlá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní skrei máa ń ti Òkun Barents wẹ̀ wá sínú Vestfjorden, apá òkun tó wà láàárín Lofoten àti ilẹ̀ Nọ́wè, láti wá yé ẹyin. Láti oṣù Kìíní ni wọ́n ti ń dé, ó sì ń lọ títí di inú oṣù Kẹrin. Ní oṣù Kẹta, àwọn apẹja ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ń padà wọlé láti ọ̀sán lọ, àtẹ igi etíkun sì ti ń kún fún ẹja. Ẹni tó bá lọ ní oṣù Keje, òpó igi lásán ni yóò bá, torí oṣù Kẹfà ni wọ́n ń kó ẹja wọlé.

Ìmọ́lẹ̀ àríwá ṣì ṣeé rí ní ìparí oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sópin. Gígun òkè ní tirẹ̀ kò bá ìgbà yẹn mu rárá. Ìparí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni ti òkè, ìgbà yẹn kò sì ní sí ẹja lórí àtẹ. Torí náà, ẹ sọ fún Bọ̀dá kí wọ́n fọwọ́ wọ́nú. Ìrìn àjò Màmá lèyí.

Nǹkan kan tún wà: ìdíje àgbáyé fún pípa skrei máa ń wáyé ní Svolvær nígbà tí oṣù Kẹta bá ń parí lọ. Bó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yín, yàrá á wọ́n bí ojú. Ẹ wo ọjọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Oslo
Rélùwéè kò dé Lofoten. Bodø, ìlú tó wà ní òdìkejì omi, ni irin tó gba inú Nọ́wè parí sí; ẹni tó bá ní ọkọ̀ ojú irin ń lọ ibẹ̀, Bodø ló ń wí, tàbí Narvik tí irin rẹ̀ ń gba Sweden wá. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ ní.

Ẹ lè wọ bàálù dé Oslo, kí ẹ wọ òmíràn dé Bodø, kí ẹ wá wọ bàálù kékeré Widerøe dé Svolvær. Pápákọ̀ òfuurufú Helle kò jìnnà sí ìlú. Ọ̀nà yìí ló yá jù, òun náà sì ni ìjì ń dá dúró jù, torí bàálù kékeré ni, ojú ibi tó ń balẹ̀ náà kò gùn.

Ẹ sì lè wọ bàálù láti Oslo dé Evenes, tí wọ́n ń kọ síwèé pé Harstad/Narvik. Bàálù ńlá ló ń balẹ̀ níbẹ̀. Títì E10 ló gbé yín dé Svolvær láti ibẹ̀, ẹ fi wákàtí mẹ́ta sí i nígbà yìnyín. Bọ́ọ̀sì ń lọ níbẹ̀, àmọ́ kò pọ̀ lójúmọ́. Aago bọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó yan aago bàálù. Láti ọdún 2007 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà Lofast, ẹ kò nílò ọkọ̀ ojú omi lójú ọ̀nà yẹn mọ́, afárá àti ihò abẹ́ òkè ló kù.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ òkun tó ń na etíkun, ti Hurtigruten tàbí Havila. Ọ̀sán ló ń ṣí ní Bodø, ó ń ya Stamsund, ó ń dé Svolvær ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n Vestfjorden kì í ṣe ọ̀sà. Bí atẹ́gùn bá ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wọnú rẹ̀, ìgbì á máa ru. Òògùn èébì ojú omi, kí ọkọ̀ tó ṣí ni wọ́n ń lò ó, bíi wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tí inú rẹ̀ bá ti ń rú kó tó gbé e mì, ó ti pẹ́ jù. Kí ẹ sì bi dókítà Màmá bóyá kò ní bá òògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ jà.

Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ láti Bodø sí Moskenes. Lórí àwòrán ilẹ̀, ó dà bíi pé òun ló tọ́ jù. Òpin erékùṣù lọ́hùn-ún ló ń já èèyàn sí, Svolvær sì tún kù ní nǹkan bí 130 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń háyà yàrá sí Svolvær, tí wọ́n sì ń balẹ̀ sí Moskenes lálẹ́ láìsí mọ́tò.

Ẹ ra gbogbo bàálù pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Bí ìjì bá dá èkíní dúró, iléeṣẹ́ bàálù ló ni wàhálà àtiwá èkejì fún yín. Bí ẹ bá rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ má sì fi ọjọ́ tí ẹ ń padà dé ṣe ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ìjì.

Ìyá Ìbejì
Mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn ti ìwé ìrìnnà Màmá, òun ló sì gba àkókò jù. Nọ́wè kò sí nínú EU, ṣùgbọ́n ó wà nínú Schengen. Kódà bí Màmá bá ní ìwé ìgbélùú UK, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ń béèrè físà Schengen. Yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó tí ọ́fíìsì tó ń gba ìwé ń bù kún un kò sí nínú ìyẹn. Ìwé adójútòfò ìrìn àjò gbọ́dọ̀ kájú yúrò 30,000, ó kéré tán, kó sì bo gbogbo ọjọ́ tí wọ́n máa lò. Èèyàn kò lè béèrè kó tó ku oṣù mẹ́fà, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ku iye tó dín sí ọjọ́ 15 kó tó fi ìwé sílẹ̀. Ọjọ́ 15 yẹn wà fún orí ìwé. Ẹni tó bá mọ bí ààyè ìpàdé ṣe ń tán á ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú.

Bó bá jẹ́ Nọ́wè ni ẹ ó ti sùn jù, Nọ́wè ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ má sọ pé orílẹ̀-èdè mìíràn ló ń tètè fúnni, kí ẹ wá gba ibẹ̀ yọ. Ìwé yàrá tí ẹ bá fi sílẹ̀ á tú yín fó.

Ẹ̀yin tó ní ti UK kò nílò físà fún ọjọ́ 90 nínú 180. Àmọ́ ìwé náà kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtẹ̀ka àti fọ́tò lẹ́nu ibodè, ìlà sì máa ń gùn. Ẹ má fi wákàtí kan péré sáàárín bàálù méjì ní Oslo.

Alágbàtà Pánla
Ẹ jẹ́ kí n bá Màmá sọ̀rọ̀, torí bí ẹ bá débẹ̀ láìmọ ohun tí ẹ ń wò, igi àti ẹja lẹ máa rí, ẹ ó sì kọjá.

Bí ẹja bá ti wọlé, wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á la ikùn rẹ̀, wọ́n á kó ẹyin, ẹ̀dọ̀ àti ìfun jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́. Wọ́n á wá mú ẹja méjì tó rí bákan náà, wọ́n á fi okùn di ìrù wọn pọ̀, wọ́n á fi wọ́n kọ́ ọ̀pá igi, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ìdí tí wọ́n fi ń wá méjì tó dọ́gba ni pé bí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì lọ, á fa ìkejì rẹ̀ yọ. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn ẹja fara kanra púpọ̀ pẹ̀lú, torí ibi tí ara bá ti lẹ̀ mọ́ra, atẹ́gùn kò ní débẹ̀, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í fi èéfín yan án. Atẹ́gùn àti òtútù ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe gbogbo ibi ló ti ṣeé ṣe. Omi òkun tó ń ti gúúsù wá kì í jẹ́ kí òtútù Lofoten le tó bí ó ṣe yẹ kó le níbi tó jìnnà sí àríwá tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wà láyìíká òǹkà òdo, nígbà mìíràn ó lé díẹ̀, nígbà mìíràn ó dín díẹ̀. Bí òtútù bá le jù nígbà tí ẹja ṣì tutù, omi inú ẹran rẹ̀ á di yìnyín, á fọ́ ẹran náà, ẹja á rí háfẹ́háfẹ́ bíi kànìnkànìn. Bí oòrùn bá tètè mú, eṣinṣin á yé sí i. Bí òjò bá rọ̀ jù tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, á hu ebu. Láti oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ló ń wà lókè. Kìlógíráàmù márùn-ún tútù ń di bíi kìlógíráàmù kan gbígbẹ. Ní oṣù Kẹfà wọ́n á kó o wọ àká, á tún fi oṣù méjì sí mẹ́ta gbẹ dé inú egungun.

Lẹ́yìn náà ni ẹni tí wọ́n ń pè ní vraker á wá ṣà á. Á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á yọjú wo inú ọrùn rẹ̀. Nǹkan bí ogún ìpele ni wọ́n ń pín in sí. Ìtálì ló ń ra èyí tó dára jù. Orí tí wọ́n gé ní ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á fi okùn gba inú rẹ̀, wọ́n á so ó pọ̀ ní ìdì ìdì, wọ́n á gbé e kọ́ sórí àtẹ tirẹ̀. Nàìjíríà ni orí yẹn ń lọ. Bí Màmá bá rí àtẹ tó kún fún orí ṣáá, tó ń lu ara wọn kóókóó nínú atẹ́gùn, kí wọ́n mọ̀ pé ọjà tiwa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ: lọ́jà wa, a ń pe kọ́ọ̀dù gbígbẹ yìí ní pánla, a sì tún ń pe ẹja mìíràn tó wà nínú fírísà ní pánla. Àwọn ará Nọ́wè kò mọ ìyẹn. Tørrfisk ni kí ẹ pè é. Klippfisk yàtọ̀ o, iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òun, Pọtogí àti Bràsíl ló ń jẹ ẹ́ jù. Ẹ má rà á ní àṣìṣe, kí ẹ wá dà á sínú ẹ̀fọ́ láì rẹ iyọ̀ rẹ̀ kúrò.

Àdùnní Leeds
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ka ti ẹja yẹn fún Màmá. Wọ́n ní ṣé àwọn lè ra orí níbẹ̀, ṣé wọ́n sì lè fọwọ́ kàn án lórí àtẹ?

Alágbàtà Pánla
Kí Màmá má fọwọ́ kàn án. Ọjà olówó ni, kì í ṣe ohun ìran. Ọ̀pọ̀ àtẹ wà lẹ́bàá ọ̀nà láìsí ọgbà, ìyẹn kò sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Kí ọmọ má sì sáré lábẹ́ rẹ̀: ẹja tuntun ń kán omi sílẹ̀, èyí tó bá kán sára aṣọ òtútù, òórùn rẹ̀ á bá yín dé Leeds.

Orí kì í sábà sí ní ṣọ́ọ̀bù, àpò àpò ni wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń kó o ránṣẹ́. Ohun tí ẹ máa rí rà ni odindi ẹja gbígbẹ àti èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá fún jíjẹ lásán. Bí ẹ bá ń yan odindi, ẹ gbá méjì mọ́ra wọn. Ó yẹ kó dún bí igi. Bó bá dún bọ̀ọ̀, inú kò tíì gbẹ. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé orí: kò yẹ kó ní àmì dúdú tàbí ihò. Oṣù Kẹta ni ẹ ń lọ, torí náà ti ọdún tó kọjá ni wọ́n máa tà fún yín. Kò burú, ẹja yìí ń pẹ́ lọ́dún bí kò bá ti rí omi. Ẹ yẹ òfin ohun jíjẹ ti ibodè UK wò lọ́sẹ̀ tí ẹ máa padà, torí wọ́n ń yí i.

Awakọ̀
Ti mọ́tò: ẹ háyà. Màmá kò ní lè dúró de bọ́ọ̀sì nínú ìjì.

Ní Nordland, ìpínlẹ̀ tí Lofoten wà, àti àwọn ìpínlẹ̀ méjì tó kù lápá àríwá, òfin gba táyà onírin láti ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń háyà bóyá onírin ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ má kàn gbọ́ pé táyà òtútù ni. Iná iwájú ń jó tọ̀sán tòru, òfin ni. 80 ni eré níta ìlú, 50 nínú ìlú, àmọ́ 80 yẹn kì í ṣe àṣẹ pé kí ẹ sá a lórí yìnyín. Ọtí: 0.2 ni wọ́n gbà, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ń wakọ̀ kì í mu rárá. Owó ọ̀nà ń wá fúnra rẹ̀, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀.

Ohun tí kì í sí nínú ìwé tí wọ́n máa fún yín ni ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn Lofoten máa ń ká ilẹ̀kùn mọ́tò padà sẹ́yìn títí ìdè rẹ̀ á fi tẹ̀, ọ̀pọ̀ adójútòfò kì í sì í sanwó ìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ kọ imú ọkọ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ọwọ́ méjì ni kí ẹ fi di ilẹ̀kùn mú, kí ẹnì kan ṣí tirẹ̀ kó tó kan èkejì. Bí ẹ bá ṣí iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, atẹ́gùn á gba inú ọkọ̀ kọjá. Kí ọmọ má ṣí fúnra rẹ̀.

Fọ́tò: ẹ má dúró lójú títì. Ẹ wá ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dídúró. Àlejò tó dúró lórí kọ́nà torí oòrùn ń wọ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń bú jù lọ.

Bàbá Oslo
N kò fi gbogbo ara gbà pẹ̀lú ti mọ́tò. Svolvær kò tóbi, ẹsẹ̀ tó o. Kabelvåg wà ní bíi kìlómítà márùn-ún, takisí á gbé yín débẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ọkọ̀ wà lórí yìnyín, ẹ háyà fún ọjọ́ méjì péré, kí ẹ yan ọjọ́ méjì náà nígbà tí ẹ bá ti rí ojú ọjọ́ lórí yr.no. Mọ́tò tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀; nínú òtútù, ẹ má retí kó rìn tó iye tó kọ síwájú.

Awakọ̀
Ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu, Bàbá. Ọjọ́ méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti Henningsvær. Ó tó kìlómítà 25 sí Svolvær. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kò ju bíi 500 lọ, orí erékùṣù kéékèèké ni wọ́n kọ́lé sí, afárá tóóró ló so wọ́n mọ́ ilẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibùdókọ̀ tí wọ́n ń sanwó fún ní ẹnu ìlú, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé, torí ọ̀nà inú há gan-an. Àtẹ ẹja yí pápá bọ́ọ̀lù wọn tó wà lórí àpáta ká. Pápá yẹn ni gbogbo ayé ń fi dírónù yà. Ẹ ka òfin dírónù kí ẹ tó gbé tiyín jáde. Nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, kìlómítà márùn-ún yí i ká ni a kò gbọ́dọ̀ fò ó láìgba àṣẹ, Helle sì sún mọ́ Svolvær.

Ẹsẹ̀ Gìrìgìrì
Fún Bọ̀dá tó fẹ́ gun òkè. Ẹ máa rí Reinebringen lórí ayélujára: mítà 448, àtẹ̀gùn òkúta 1,978 tí àwọn Sherpa láti Nepal tò. Ẹ gbàgbé rẹ̀ ní oṣù Kẹta. Yìnyín bo àtẹ̀gùn yẹn, ojú òkè náà sì dagun, yìnyín lè ya lulẹ̀ lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Festvågtind (541) lórí Henningsvær àti Fløya (590) lẹ́yìn Svolvær.

Èyí tó ṣeé gbèrò ni Tjeldbergtind, mítà 367, láàárín Svolvær àti Kabelvåg. Kódà òun náà, ẹ kọ́kọ́ wo varsom.no láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìpele 1 sí 5 ni ewu yìnyín tó ń ya. Láti 3 lọ sókè, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò ní nǹkan ṣe lórí òkè dagun, kò sì gbọdọ̀ jókòó jẹun nísàlẹ̀ rẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni yìnyín ń bọ̀. Ẹ ra irin onígun tí wọ́n ń fi rọ́bà so mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, brodder ni wọ́n ń pè é, ó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Kí Màmá gan-an ní tiwọn, torí inú ìlú lèèyàn ti ń ṣubú jù: yìnyín á yọ́ lọ́sàn-án, á tún dì lóru, àárọ̀ á wá dà bíi dígí tí wọ́n fi ọṣẹ pa.

Bí òkè bá kọ̀, ẹ gba afárá lọ sí Svinøya, ilẹ̀ tẹ́jú, àtẹ ẹja wà níbẹ̀. Láti inú ìlú lẹ ti lè rí Svolværgeita, òkúta oníwo méjì tí wọ́n ń pè ní Ewúrẹ́. Ẹ wò ó, ẹ má gùn ún, àwọn tó ń fi okùn gun òkúta ló ni ìyẹn.

Nọ́ńbà pàjáwìrì: 113 fún àìsàn, 112 fún ọlọ́pàá, 110 fún iná, 120 fún ojú òkun.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹ gba rorbu, ilé onígi tí àwọn apẹja ń gbé tẹ́lẹ̀ lórí omi, tí wọ́n ti sọ di ilé àlejò. Ó ní kíṣìnnì, ìyẹn ló máa gba owó yín là, torí ilé oúnjẹ wọ́n. Ẹ béèrè bóyá àtẹ̀gùn rẹ̀ rọrùn fún àgbà, àwọn kan ní ibùsùn lókè àjà.

Súpámákẹ́ẹ̀tì máa ń tì ní ọjọ́ Àìkú. Bí Ọdún Àjíǹde bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yín, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Ajé náà ń tì, ẹ ra nǹkan sílẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ẹ gbé ata gígún àti maggi yín dání. Ẹ má gbé ẹran tàbí wàrà láti UK, wọn kò gbà á láti òde agbègbè EEA, ìyẹn EU àti Nọ́wè pẹ̀lú orílẹ̀-èdè díẹ̀ mìíràn. Ọ̀dùnkún náà kò gbọdọ̀ wọlé.

Ẹ má ra pánla gbígbẹ láti sè níbẹ̀. Odindi rẹ̀ ń fẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan nínú omi tútù tí wọ́n ń pààrọ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lẹ sì ní. Skrei tútù ni kí ẹ rà. Ẹ sè é bí wọ́n ṣe ń sè é, mølje lorúkọ rẹ̀. Ẹyin ẹja kọ́kọ́: ẹ wé e pọ̀ pẹ̀lú bébà tí wọ́n fi ń yan nǹkan, ẹ fi sínú omi oníyọ̀ tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó, fún ìdajì wákàtí. Bó bá hó, awọ rẹ̀ á bẹ́, ẹyin á tú dànù. Ẹ̀dọ̀ lọ́tọ̀: omi díẹ̀, àlùbọ́sà, iná kékeré. Ẹja ló gbẹ̀yìn. Ẹ gé e ní ìka méjì nípọn, ẹ jẹ́ kí omi oníyọ̀ hó, ẹ pa iná, ẹ wá kó ẹja sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ. Bí ẹran bá ti ń yọ kúrò lára egungun ní awẹ́ awẹ́, ó ti jinná. Ẹni tó bá sè é bí a ṣe ń se ẹja ọbẹ̀ ata á bá omi ẹja pàdé. Ẹ̀dọ̀ yẹn lágbára o, kí ọmọ jẹ ìwọ̀nba.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Fún ọmọ náà: lásìkò yìí, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ló ń gé ahọ́n kọ́ọ̀dù ní ilé ìpẹja lẹ́yìn iléèwé, owó wọn sì ni. Wọ́n á fi orí ẹja kọ́ ìṣó tó dúró, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé ahọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé, ilẹ̀ ń yọ̀, fọ́kílíìfù sì ń kọjá. Ilé ẹja ààyè wà ní Kabelvåg, wọ́n ń fún séèlì lóúnjẹ níbẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi tún ń gbé àlejò láti Svolvær lọ sí Trollfjord, tóóró láàárín òkúta, bíi kìlómítà méjì ní gígùn, ẹnu rẹ̀ kò ju bí ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Idì òkun, tí ìyẹ́ rẹ̀ lè tó mítà méjì àbọ̀ bó bá nà án, ń wá sí ìdí ọkọ̀. Ẹ mú ọkọ̀ ńlá tó ní yàrá nítorí Màmá, ẹ fi ọkọ̀ rọ́bà eléré sílẹ̀. Ó ń fò lórí ìgbì, ẹ̀yìn àgbà kò lè gbà á.

Ìmọ́lẹ̀ àríwá: ẹ má retí rẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó kọjá, ilẹ̀ kò ní tíì ṣú tó. Kùrukùru ni ọ̀tá rẹ̀, kì í ṣe òtútù. Ẹ wá ibi tí iná ìlú kò dé, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, kí fóònù wà ní ètò alẹ́ lórí nǹkan tí kò mì. Aṣọ inú kó jẹ́ ti irun àgùntàn. Owú ń mu òógùn, bó bá ti tutù, á máa fa otútù mọ́ra.

Àdùnní Leeds
Ètò wa rèé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ 1: Oslo, Evenes, mọ́tò dé Svolvær. Ọjọ́ 2: Svinøya àti Kabelvåg. Ọjọ́ 3: Henningsvær. Ọjọ́ 4: Trollfjord láàárọ̀, lẹ́yìn náà a wakọ̀ lọ sí ilé ọnà pánla tó wà ní abúlé Å, nítòsí Moskenes, a padà lálẹ́. Ọjọ́ 5: ilé.

Bàbá Oslo
Ẹ yọ Å kúrò ní ọjọ́ 4. Kìlómítà 130 ni lílọ, 130 ni bíbọ̀, lórí yìnyín, lẹ́yìn tí ẹ ti wà lójú omi láàárọ̀. Ilé ọnà yẹn kì í sì í ṣí bó ṣe ń ṣí nígbà ẹ̀rùn, ẹ kọ̀wé béèrè kí ẹ tó lọ. Borg ni kí ẹ dé dúró, ilé olóyè ayé Viking tí wọ́n tún kọ́, mítà 83 ní gígùn. Ó sún mọ́ yín jù, Màmá á sì rí ibi jókòó. Trollfjord ni kí ẹ sún wá sí ọjọ́ 2, kí ẹ fi Kabelvåg sí ọjọ́ 4. Bí ìjì bá dá ọkọ̀ dúró ní ọjọ́ 2, ẹ ṣì ní ọjọ́ méjì tí ẹ lè sún un sí.